Ẹni Tí Wọ́n Rí Nínú Kùrukùru Kámẹ́rà

Òórùn ilé yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Òórùn sìmẹ́ńtì tó ti mu omi òjò yó ni, tó dàpọ̀ mọ́ òórùn rọ́bà táyà tí wọ́n tò síwájú ilé, àti èéfín kẹrosíìnì láti inú ilé ìdáná kan ṣoṣo tí gbogbo wa jọ ń lò. Muṣin ni ilé náà wà, ní àdúgbò tí àwọn mẹkáníìkì ti ń lu irin láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló la ilé ọ̀hún já, àwọn yàrá kọjú síra wọn lọ́tùn-ún àti lósì, géètì sì wà níwájú. Tó bá di ìgbà òjò, ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn á máa làágùn bí èèyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé. Aṣọ kì í gbẹ. Iyọ̀ á yọ́ nínú ike. Búrẹ́dì tí o rà lánàá, tó o bá fi máa ṣí i lónìí, ó ti hu. O mọ irú ilé tí mò ń sọ, ìwọ náà ti gbé irú rẹ̀ rí.

Iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí mo sin ìjọba tán ni mò ń ṣe nígbà náà, ní Yábàá. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Èmi ni mo máa ń gbé fóònù tí àwọn oníbàárà bá pè pé tiwọn ò ṣiṣẹ́. Torí pé mo máa ń gbé kọ̀ǹpútà kọ́ èjìká jáde láràárọ̀, Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni tọmọdé tàgbà ń pè mí nínú ilé yẹn. Kò sóhun tó ń lo iná tó bá dákẹ́ tí wọn ò ní gbé wá bá mi, àti rédíò àti áyọ́ọ̀nù. Bàbá Onílé náà ò yọ ara wọn sílẹ̀. Àgbàlagbà tí ìyàwó wọn ti kú ni wọ́n, wọ́n ti ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, yàrá tó sún mọ́ géètì jù lọ ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí wọ́n ra kámẹ́rà kan pé kó máa ṣọ́ ẹnu géètì, oníṣẹ́ iná kan ló gbé e kọ́ sára ògiri, èmi ni mo sì bá wọn fi í sórí fóònù wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti máa ń jókòó síwájú yàrá wọn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, tí wọ́n ń fi wo géètì tí kò jìnnà sí wọn rárá, tí wọ́n á dìde lọ dúró níbẹ̀, tí wọ́n á padà wá wò ó, tí wọ́n á bú sẹ́rìn-ín: "Wò ó, èmi rèé!"

Nígbà tí òjò wá ń rọ̀ láìdáwọ́ dúró, àwòrán náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Lákọ̀ọ́kọ́, igun kan péré ló funfun, bí ìgbà tí èèyàn bá mí sára dígí. Nígbà tó yá, funfun náà tàn ká. Tí oòrùn bá ràn, á lọ. Tó bá di ìdájí tí atẹ́gùn tutù, á tún padà. Bàbá Onílé fi hàn mí, mo ní màá bá wọn wò ó tó bá di ọjọ́ ìsinmi. Kò jọ ohun tó yẹ kéèyàn sáré sí.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mò ń fọ eyín lẹ́yìn ilé nígbà tí omi táǹkì tán, tí ẹnu ẹ̀rọ húkọ́, tó sì dákẹ́. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi ké láti ẹ̀gbẹ́ táǹkì: "Wọ́n ti gbé pọ́ńpù lọ o!" Gbogbo wa sáré lọ síbẹ̀, tòun ti bọ́kẹ́ẹ̀tì. Àpótí irin tí pọ́ńpù máa ń wà nínú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, wọ́n ti fi ayùn irin gé àgádágodo rẹ̀, omi sì ń kán tó tó láti ẹnu páìpù tó ṣẹ́ kù. Gbogbo ilé ló pawọ́ pọ̀ ra pọ́ńpù yẹn nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ jóná, a ò sì tíì gbádùn rẹ̀ rárá. Àwọn tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè. Mo ṣì rántí ojú àwọn èèyàn láàárọ̀ yẹn. Kì í ṣe ojú ẹni tó banú jẹ́, ojú ẹni tó ń wá ẹni tó máa di ẹ̀bi rù ni.

"Kámẹ́rà ńkọ́?" Ọkùnrin tó ń ta táyà níwájú ilé ló sọ bẹ́ẹ̀. Oní-táyà la máa ń pè é. Ọkùnrin gíga, olóhùn ńlá, ẹni tí gbogbo ilé máa ń tẹ̀ lé lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti le. Bàbá Onílé gbé fóònù wọn jáde, a sì ṣù bò wọ́n. Fídíò ìdájí ọjọ́ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ gbogbo ojú fóònù funfun bí omi ògì. Iná kékeré tí kámẹ́rà fi ń ríran nínú òkùnkùn ti kọlu omi tó wà lójú rẹ̀, ó sì tàn padà sí i lójú. Láàárín funfun yẹn, nǹkan dúdú kan kọjá. Ó gbé ẹrù tó wúwo, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wọ́ ẹsẹ̀. Ó dé ibi géètì, ó yọ́ mọ́ inú funfun náà, ó tán.

"Ẹ dá a padà." Wọ́n dá a padà. Wọ́n tún dá a padà. Oní-táyà wá na ìka sí ojú fóònù. "Ẹ wo bó ṣe tẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ yẹn. Bọ̀dá Wẹ́dà nìyẹn!"

Ó yà mí lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tètè wọlé sí gbogbo wọn lára. Yàrá tó kẹ́yìn ni Bọ̀dá Wẹ́dà ń gbé, òun, ìyàwó rẹ̀, àti ọmọ wọn tó ṣì ń mu ọmú. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá. Irin ti já lé e lẹ́sẹ̀ rí níbi tó ti ń jó irin pọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó máa tẹ̀ díẹ̀ sí apá òsì tó bá ń rìn. Èèyàn tó máa ń jáde kílẹ̀ tó mọ́ ni, tó máa ń kíni ní gbólóhùn kan tí á sì bá tirẹ̀ lọ. Ọlọ́pàá ti kó o mọ́ àwọn kan rí lójú títì, láìṣẹ̀ láìrò. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ títí kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn kan nínú ilé ti máa ń rọra ti ilẹ̀kùn wọn tó bá ń kọjá. Ayùn irin sì wà lára irinṣẹ́ rẹ̀. Kí ni wọ́n tún ń wá?

Òjò ò jẹ́ kó tètè jáde lọ́jọ́ náà. Wọ́n bá a nínú yàrá, wọ́n sì fà á jáde tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, bàtà ẹsẹ̀ kan. "Mo sùn ni," ló ń wí. "Ẹ bi ìyàwó mi, mo sùn ni." Ẹnì kan gbá a létí. Wọ́n mú un jókòó sórí ilẹ̀ tútù lẹ́nu géètì. Ìyàwó rẹ̀ sáré tẹ̀ lé wọn, ọmọ lẹ́yìn, ọ̀já ti fẹ́ẹ́ tú, ó di etí aṣọ Bàbá Onílé mú: "Ẹ gbà mí, Bàbá, ẹ gbà mí!" Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí mi ò rí rí ti ń wọlé láti àdúgbò kejì. Ọ̀kan nínú wọn, kò sọ ohunkóhun, ó kàn lọ síbi tí àwọn ògbólógbòó táyà wà, ó mú ọ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i bọ̀ síbi géètì. Kò sẹ́ni tó ní kó yí i. Kò sí ẹni tó ní kó má yí i. Èkó ni mo dàgbà sí, mo mọ ohun tí wọ́n ń fi táyà ṣe fún ẹni tí wọ́n bá pè lólè.

Bàbá Onílé ní kí wọ́n mú un lọ sí téṣàn. Ohùn wọn ò jáde tó. "Téṣàn kẹ̀? Kí wọ́n lè fi í sílẹ̀ lọ́la?" Ibẹ̀ ni ohùn kan ti wá láti ẹ̀yìn: "Àǹtí Kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó wò ó, òun ló mọ nǹkan yìí." Gbogbo ojú yí sí mi. Wọ́n ti fóònù bọ̀ mí lọ́wọ́, ìyàwó Bọ̀dá Wẹ́dà sì ń wò mí lẹ́nu.

Mo wò ó. Òótọ́ ni màá sọ fún ọ: èmi náà rí i. Tí wọ́n bá ti dárúkọ ẹnì kan sí ọ létí, kùrukùru á bẹ̀rẹ̀ sí í hu imú, á máa hu ẹnu. Mo ṣíjú, mo tún un wò, mo ronú kan ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo rí. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù wá bà mí gan-an. Mi ò mọ̀ bóyá Bọ̀dá Wẹ́dà ló gbé pọ́ńpù, mi ò sì mọ̀ bóyá kì í ṣe òun. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ẹni tó wà nínú fídíò yẹn lè jẹ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹsẹ̀ méjì.

"Mi ò rí ojú ẹnikẹ́ni níbí," mo ní.

Wọ́n pòṣé lé mi lórí. Oní-táyà sún mọ́ mi. "Àǹtí, ẹ má ba nǹkan jẹ́ o. Àbí ẹ̀yin náà lọ́wọ́ sí i ni?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ní ìdọ̀tí ló wà lójú kámẹ́rà, pé kí wọ́n gbé àkàbà wá. Ó gùn ún, ó bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀, ó fi nu ojú kámẹ́rà bí ẹni ń fọ ìsàlẹ̀ ìkòkò. "Ẹ wò ó báyìí!" Lójú fóònù, a rí aṣọ ńlá kan tó ń lọ tó ń bọ̀, lẹ́yìn náà funfun yẹn padà, bákan náà. Ó tún un nù. Bákan náà.

"Inú ló wà," mo ké sí i. "Omi ti wọnú kámẹ́rà. Kẹ́ ẹ nù ún dọ̀la, ọwọ́ yín ò lè dé ẹ̀yìn dígí."

Ibi iṣẹ́ mi ni ohun tí mo sọ tẹ̀ lé e ti wá sí mi lọ́kàn. Tí oníbàárà bá ń ṣàlàyé títí tí a ò fi gbọ́ra yé, a máa ń ní kó tún un ṣe lójú wa. Mo kọjú sí Bàbá Onílé. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Kí àwọn tó ní àwọn dá a mọ̀ lọ dúró sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú fóònù, níbi tí wọn ò ti lè rí géètì. Kí àwọn ọkùnrin máa gbé ẹrù kọjá níwájú kámẹ́rà lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá lè sọ ẹni tó ń kọjá, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́."

Bí mo ṣe sọ ìyẹn tán ni mo tó ro ibi tó lè já sí. Tí wọ́n bá wá mọ̀ ọ́n ńkọ́? Mo ti gbé ẹ̀mí ọkùnrin kan lé omi ẹ̀yìn dígí. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí i pé ìkùukùu ti ń ya, oòrùn tín-ín-rín kan ti ń kan páànù ilé tó wà lódìkejì. Tí oòrùn yẹn bá fi lè dé ara kámẹ́rà, omi á fà, àwòrán á mọ́, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. Kò sẹ́ni tó máa gbà mí gbọ́ mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "ẹ jẹ́ ká yára."

Bàbá Onílé gbé ọwọ́ sókè. "Ilé mi ni. Ohun tí ọmọ yìí wí la máa ṣe." Oní-táyà rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú, òun á dárúkọ wọn bí òun ṣe ń dárúkọ ọmọ òun.

Òun àti àwọn bíi mélòó kan wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ pẹ̀lú fóònù. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí mo ti lè gbọ́ wọn tí mo sì ń rí géètì. A bu omi òjò láti inú dúrọ́ọ̀mù kún kẹ́ẹ̀gì kan, ìyẹn la fi ṣe pọ́ńpù. Télọ̀ tó ń gbé yàrá kejì sí tèmi ló kọ́kọ́ gbé e kọjá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, àwòrán ń pẹ́ kó tó dé. A ń dúró. Wọ́n dárúkọ ẹlòmíì. Ẹnì kejì kọjá. Àwọn kan ní télọ̀ ni, àwọn kan ní kì í ṣe télọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jiyàn nínú lọ́hùn-ún. Níta, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́kùnrin tó yí táyà wá ṣì dì í mú.

Kí n tó sọ ẹni tó kàn, Bàbá Onílé ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n di ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì mú. "Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá," mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Wọ́n fi ojú sọ fún mi pé kí n panu mọ́. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì náà lé èjìká, ó sì tẹ̀ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n rọra rìn kọjá, ẹsẹ̀ àgbà, wọ́n ń wọ́ ọ lórí sìmẹ́ńtì tútù. Bọ̀dá Wẹ́dà wà nílẹ̀ níbi tí wọ́n fi í sí, ó ti ki orí bọ àárín ọwọ́.

Àwòrán tún pẹ́ kó tó dé. Ìgbà tó yá ni ohùn Oní-táyà bú jáde láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Òun nìyẹn! Ẹ wo ẹsẹ̀! Ẹ wo ẹsẹ̀! Wẹ́dà nìyẹn, mo sọ fún yín!" Ó sáré jáde, ó na fóònù sókè, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ó sáré dé géètì kó tó rí Bọ̀dá Wẹ́dà nílẹ̀, nínú ẹrẹ̀, láàárín àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Ó wá rí Bàbá Onílé tí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, tí wọ́n ń mí gúlegúle, kẹ́ẹ̀gì ṣì wà léjìká wọn, omi ń ṣàn sí wọn lọ́rùn.

Bàbá Onílé sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀. "Èmi lo rí," wọ́n ní. "Ó yá, ẹ wá mú mi."

Oní-táyà wo fóònù, ó wo Bàbá Onílé, ó tún wo fóònù. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí mi ò mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó rántí pé òun gbé nǹkan kaná. Èyí tó yí táyà wá gbé e fara ti ògiri, ó jáde. Kò sẹ́ni tó bẹ̀bẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní "má bínú." Ìyàwó Bọ̀dá Wẹ́dà fa ọkọ rẹ̀ dìde, ó ṣí gèlè orí rẹ̀, ó fi nu ẹrẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá lọ sí yàrá wọn láàárín gbogbo wa. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí oòrùn fi ràn wá sára kámẹ́rà. Mo gba fóònù, mo wò ó. Gbogbo ẹ̀ ti mọ́: géètì, gọ́tà, kódà ipa ìdí Bọ̀dá Wẹ́dà nínú ẹrẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Bàbá Onílé ní kí wọ́n sọ kámẹ́rà náà kalẹ̀, a sì tú u lórí tábìlì wọn. Oníṣẹ́ iná tó gbé e kọ́ ti dojú ihò tí wáyà gbà wọlé sókè, omi òjò kàn ń tọ wáyà wọ inú rẹ̀ ni. Rọ́bà róbótó tó yẹ kó dí etí rẹ̀ náà ti sán. Lẹ́yìn dígí, omi dúró kínníkínní bí ìrì lórí ewé kókò. Mo fi aṣọ tí mo fi ń nu awò ojú mi nù ún, mo fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí síwájú fáànù títí ó fi gbẹ tinútẹ̀yìn; mi ò sá a sóòrùn, kí ooru má bàa ba inú rẹ̀ jẹ́. Mo wá àwọn àpò pélébé yẹn tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, àwọn tó ń fa omi mu, mo ki wọ́n sínú rẹ̀. A pààrọ̀ rọ́bà, a fi gọ́ọ̀mù dí ẹnu ihò, a sì tẹ wáyà wálẹ̀ díẹ̀ kó tó wọlé, kí omi lè máa kán síta. Nígbà tí wọ́n gbé e padà, Bàbá Onílé wò ó lórí fóònù. "Ó ti mọ́ gaara," wọ́n ní. Wọ́n da ojú fóònù délẹ̀ lórí tábìlì. Mi ò tún rí i kí wọ́n jókòó síwájú yàrá wọn, kí wọ́n máa fi í wo géètì mọ́.

Wọ́n fẹjọ́ sùn ní téṣàn, kò sẹ́ni tí wọ́n rí mú. Títí dòní, mi ò mọ ẹni tó gbé pọ́ńpù yẹn.

Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró ni Bọ̀dá Wẹ́dà àti ìyàwó rẹ̀ kó kúrò. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, mò ń fọ aṣọ lẹ́yìn ilé, ìyàwó rẹ̀ wá bá mi níbẹ̀, ọmọ lẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní kó dìde. "Ẹ ṣeun, Àǹtí," ó ní. "Ọlọ́run á san án fún yín." Mo rò pé ó tán. "Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mò ń retí kí ẹnì kan ṣoṣo sọ pé ọkọ mi ò lè ṣe é. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ẹ̀yin náà, kámẹ́rà lẹ bá wọn sọ̀rọ̀ rẹ̀." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó bínú. Bí ẹni tó ń sọ pé òjò ti dá ló sọ ọ́. Ó tún ọ̀já ọmọ rẹ̀ so, ó sì lọ bá ọkọ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ márúwá tó ń dúró dè wọ́n.

Mo ti ronú lé e lọ́pọ̀ ìgbà. Ká ní mo ti sọ pé ọkùnrin yìí ò lè jalè, wọn ì bá bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀, mi ò sì ní ní èsì kankan. A ti jọ gbé ilé kan náà ju ọdún kan lọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà là ń rìn, mi ò sì mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ohun tí mo ní láti fi gbà á sílẹ̀ kò ju omi inú dígí lọ. Mo dúpẹ́ pé ó tó lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ mo mọ̀ pé díẹ̀ ló kù kó má tó. Sùúrùlérè ni mò ń gbé báyìí. Èmi náà ní kámẹ́rà lẹ́nu ọ̀nà, tí ìgbà òjò bá sì ti ń bọ̀, mo máa ń yẹ rọ́bà rẹ̀ wò. Àmọ́ mo tún máa ń kan ilẹ̀kùn àwọn tó yí mi ká. Mo mọ orúkọ ọmọ wọn, mo mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, mo mọ ẹni tí inú ń bí àti ohun tó fà á. Tí wọ́n bá tún ti fóònù bọ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan pé kí n wo ẹni tó wà níbẹ̀, kì í ṣe kámẹ́rà nìkan ni mo fẹ́ lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.